Bí Gìrì Bá Mú Ọmọ: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Láti Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́

"Nọ́ọ̀sì, gìrì ti mú ọmọ mi! Kí ni kí n fún un mu?" Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí lóru nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe máa ń dá mi dúró lọ́jà náà nìyẹn. Ìdáhùn mi kò yí padà rí: ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ọmọ tí gìrì ń mú lọ́wọ́ kò lè gbé nǹkan mì. Ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu nígbà yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa bọ́ sí.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀, gìrì ti dáwọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n fi lé gìrì náà ló kù tí a óò máa bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá kìíní nísinsìnyí tí ara ọmọ yá. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ ò ní lè kà á.

## Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́

1. Ẹ wo aago. Kí ẹ tó pariwo, ẹ wo aago tàbí fóònù yín, kí ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Lójú ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ nínú gìrì, ìṣẹ́jú kan á dà bíi wákàtí kan. Dókítà á sì béèrè iye ìṣẹ́jú tó gbà.

2. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀. Orí ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́jú ló dáa, kó jìnnà sí iná, sí ìkòkò gbígbóná àti sí etí àtẹ̀gùn. Ẹ má gbé e mọ́ra pinpin, ẹ má sì pọ̀n ọ́n.

3. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ ká aṣọ pẹlẹbẹ sí abẹ́ orí rẹ̀ kó má baà máa gbá ilẹ̀.

4. Ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn. Bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀, ońdè, gbogbo rẹ̀.

5. Ẹ má dì í mú. Ẹ jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ máa gbọ̀n. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè kán an léegun, gìrì ò sì ní torí ìyẹn dáwọ́.

6. Kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Kì í ṣe fún WhatsApp, fún dókítà ni. Fídíò kékeré yẹn máa ń sọ ohun tí ẹnu ìyá tí ọkàn rẹ̀ ti pòrúúru ò lè sọ: ṣé apá méjèèjì ló ń gbọ̀n, àbí ọ̀kan? Ibo lojú yí sí?

7. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí kò dáwọ́, ẹ gbéra. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, 999, Amẹ́ríkà, 911. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọkọ̀ wọn ò ní tètè dé àdúgbò yín, ẹ wá ọkọ̀ aládùúgbò tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà nìkan lẹ rí, kí àgbàlagbà jókòó sẹ́yìn, kó tẹ́ ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ sórí itan. Ẹ má fi ìborùn bò ó lójú. Kí ẹ lè máa rí bó ṣe ń mí.

Bí dókítà bá ti fún yín ní oògùn tó ń dá gìrì dúró, bíi diazepam tí wọ́n ń fi sí ìdí, tàbí midazolam tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì, ìṣẹ́jú karùn-ún ni àkókò rẹ̀, àyàfi bó bá sọ ìgbà mìíràn fún yín. Ìwọ̀n tó kọ gan-an ni kí ẹ lò, ẹ má lé kún un.

## Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Ṣíbí. Wọ́n á ní ọmọ fẹ́ gbé ahọ́n mì. Ahọ́n kì í wọ ọ̀fun lọ, ibi tí Ọlọ́run so ó mọ́ kò jẹ́. Bàbá kan gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún méjì wá sọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ti dákẹ́, ó ń sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ṣíbí irin ni wọ́n kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́. Eyín iwájú kan ti kán. Nígbà tí ṣíbí yọ̀, bàbá fi ìka tirẹ̀ rọ́pò. Aṣọ tó fi wé ìka náà ti rin gbingbin, a sì rán ìka bàbá kí a tó wọn ibà ọmọ. Gìrì yẹn fúnra rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìtọ̀ màlúù. Èyí ló ń dùn mí jù. Wọ́n á rẹ ewé tábà sínú ìtọ̀ màlúù, wọ́n á fi àlùbọ́sà, aáyù àti efinrin sí i, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á sì dà á sọ́mọ lẹ́nu. Ọmọ á dákẹ́, wọ́n á ní oògùn jẹ́. Kò jẹ́. Àgbo yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń dín èémí rẹ̀ kù. Ọmọ ti dákú ni. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn ní Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa májèlé yìí, síbẹ̀ ìgò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀pọ̀ ilé. Bí ìyá àgbà bá ti fún ọmọ kí ẹ tó dé, ẹ má bá wọn jà lálẹ́ yẹn. Ẹ sọ fún wa ní ilé ìwòsàn láìfi bò. A ò ní bú yín. Bí a bá mọ̀, ṣúgà la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Iná. Ẹ má na ẹsẹ̀ ọmọ sí iná láti jí i. Ọmọ tí kò mọ̀ ibi tó wà kò lè fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn; awọ á bó, egbò á sì pẹ́ ju gìrì lọ.

Omi tútù. Ẹ má da omi dídì lé e lórí, ẹ má sì rì í sínú báàfù. Omi tútù á mú kí ara máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn á sì tún mú inú ara gbóná sí i.

Àdí, epo pupa, kẹrosíìnì, oje àlùbọ́sà sí ojú: rárá fún gbogbo wọn.

## Ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí:

- gìrì bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí ó tún padà wá láàárín wákàtí 24;
- apá kan ara nìkan ló ń gbọ̀n;
- ọmọ kò bá jí dáadáa lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀;
- ọrùn rẹ̀ bá le, tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè;
- àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Coke;
- ó bá ń mí gúlegúle, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú;
- kò bá lè mu ọmú, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ;
- ara rẹ̀ kò bá gbóná rárá, tó bá ṣubú forí gbálẹ̀, tàbí tó lè ti gbé oògùn tàbí májèlé mì;
- kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí tó ti ju ọdún márùn-ún lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé gìrì àkọ́kọ́ láyé ọmọ nìyí, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kódà bó ti ń ṣeré. Níbi tí ẹ̀fọn àti ibà pọ̀ dé yìí, ibà tó gun ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ojú tó lè fi wíwò lásán yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gìrì kékeré.

## Bí gìrì bá ti dáwọ́

Ọmọ á sùn. Oorun yẹn kò burú, bó bá ṣáà ń mí geere tó sì ń jí bí ẹ bá pè é. Ẹ jẹ́ kó wà ní ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tó bá lajú, tó mọ̀ yín, tó sì ń béèrè nǹkan, nígbà náà ni ọmú tàbí oúnjẹ.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí:

- ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dáwọ́;
- ọjọ́ tí ara ti ń gbóná;
- gbogbo oògùn àti àgbo tó ti mu (ẹ kó ìgò wọn dání);
- bóyá ó ti mú un rí, tàbí ẹnì kan nínú ẹbí;
- káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Wọ́n á gún un ní ìka láti wo ibà àti ṣúgà. Bí wọ́n bá ń fura sí yírunyírun (àrùn awọ tó bo ọpọlọ), wọ́n á ní àwọn fẹ́ fa omi ẹ̀yìn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kọ̀, torí wọ́n gbọ́ pé ó ń pa ọmọ, tàbí pé ó ń sọ ọmọ di arọ. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀, nísàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí, omi díẹ̀ ni wọ́n sì ń fà. Ọmọ tí wọ́n kọ̀ fún lọ́jọ́ yẹn, tí yírunyírun sì wà lára rẹ̀, òun ló lè di adití tàbí kó kú. Ẹ béèrè gbogbo ìbéèrè tí ẹ ní, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

## Nípa ibà àti paracetamol

Ooru ara tó bá ti tó 38°C ni a ń pè ní ibà. Ẹ bọ́ aṣọ tó pọ̀ lára ọmọ, ẹ fún un ní omi tàbí ọmú léraléra. Paracetamol: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wà láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ kílò mẹ́wàá, tí ìgò bá kọ 120mg/5ml, mílílítà márùn-ún ló máa mu.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù: ìgò kékeré onídírọ́ọ̀pù àti ìgò ńlá onísírọ́ọ̀pù kì í ṣe ìkan náà. Dírọ́ọ̀pù tó bá kọ 100mg/ml lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin sírọ́ọ̀pù yẹn. Ẹni tó bá fi ṣíbí wọn dírọ́ọ̀pù ti fún ọmọ ní májèlé. Ẹ ka ara ìgò. Aspirin kì í ṣe fún ọmọdé.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé paracetamol ń mú ara tu ọmọ ni, kì í dá gìrì dúró. Ìyá tó ti lò ó fún ibà, síbẹ̀ tí gìrì wá mú ọmọ rẹ̀, kò ṣe àṣìṣe kankan.

## Ṣé wárápá ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Gìrì tí ibà ń fà máa ń mú ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ọmọ mẹ́ta tó bá mú lẹ́ẹ̀kan, ó tún máa mú bí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ bó bá jẹ́ èyí tó kúrú, tó kan gbogbo ara, tí kò sì padà wá lọ́jọ́ náà, nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kan tàbí méjì ni wárápá máa ń mú lẹ́yìnwá. Wárápá ni èyí tó ń wá láìsí ibà, tó sì ti wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn nǹkan kan sì wà tó jọ gìrì:

- Òtútù ibà. Ọmọ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń wò yín, ó sì ń dáhùn.
- Ẹkún tó ń gba èémí. Wọ́n bá a wí tàbí ó ṣubú, ó sunkún títí èémí fi há, ètè dúdú, ó rọ jọwọlọ, ó sì sọjí láìpẹ́. Ẹkún ló máa ń ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àìtó irin nínú ara máa ń dá kún un.
- Títa lójú oorun. Bí ẹ bá jí i, ó tán.

Òdìkejì náà wà: wárápá tí kò jọ wárápá. Ọmọ ilé ìwé tó ń sọ̀rọ̀, tó dákẹ́ lójijì, tó tẹjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tó sì tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Olùkọ́ á ní ó ń ronú ìrònúkurònú, wọ́n á nà án. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ.

## Ọmọ jòjòló

Gìrì ọmọ tuntun kì í sábà gbọ̀n bíi ti ọmọ ńlá. Ojú lè kàn yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu lè máa lá bí ẹni ń mu ọmú, ẹsẹ̀ lè máa yí bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́, èémí lè dúró díẹ̀. Ti ọmọ tuntun yàtọ̀ sí ti ọmọ ńlá tí mo ní kí ẹ má dì mú: ẹ fi ọwọ́ di apá tó ń gbọ̀n mú jẹ́jẹ́. Bó bá dáwọ́, ó lè jẹ́ gbígbọ̀n lásán, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣì wo ṣúgà rẹ̀. Bó bá ń bá a lọ lábẹ́ ọwọ́ yín, gìrì ni. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan tí gìrì mú, wàhálà ńlá ni, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Bí ojú àti ara rẹ̀ bá tún pọ́n (ibà pọ́njú), ẹ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì kó káfúrà kúrò láàárín aṣọ rẹ̀, torí ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, kí pípọ́n náà sì wọ ọpọlọ.

Èyí tí wọ́n ń gbójú fò jù ni ti ọmọ oṣù mẹ́ta sí ọdún kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, orí rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀ lójijì, apá méjèèjì á ṣí síta, bí ẹni tó fẹ́ foríbalẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Á sinmi, á tún ṣe é, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Ìyá á ní inú ló ń run ún, ìyá àgbà á ní ẹ̀rù ló ń bà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ ya fídíò rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọmọdé lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò EEG, èyí tí wọ́n fi ń lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ orí láti wo iṣẹ́ ọpọlọ. Kò dun ọmọ. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ní oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀.

## Bí kì í bá ṣe gìrì, tó jẹ́ pé ara ọmọ ló rọ

Ìwọ̀nyí kì í ṣe gìrì, ṣùgbọ́n wọ́n ń bi mí pa pọ̀ ni.

- Apá tàbí ẹsẹ̀ rọ lójijì. Ẹ sọ fún ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́jọ́ náà. Wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó kéré tán wákàtí 24 wà láàárín, kí ọjọ́ 14 tó pé, láti mọ̀ bóyá rọpárọsẹ̀ ni. Ní 2020 ni wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n oríṣi tó ń yọ níbi tí àjẹsára kò ti kárí kò tíì tán ní Nàìjíríà.
- Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìdí. Abẹ́rẹ́ ti kan iṣan ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ fà á. Ẹ wá oníṣẹ́ físíò. Bí abẹ́rẹ́ bá pọn dandan fún ọmọ kékeré, ẹ ní kí wọ́n gún un sí itan, níwájú síta.
- Jòjòló rọ bí aṣọ tó tutù, ó ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ bí ẹ bá gbé e lábẹ́ abíyá, ẹkún rẹ̀ kò dún, àyà rẹ̀ ń wọlé bó bá ń mí. Ilé ìwòsàn ńlá ni, kíákíá.
- Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó ń ṣubú ṣáá, tí kò lè gun àtẹ̀gùn, tó ń fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ kó tó lè dìde, tí ojúgun rẹ̀ sì ki lẹ́yìn. Ó lè jẹ́ àìsàn tó ń jẹ ẹran ara tó ń gbé ara rìn; àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CK ló máa kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Oògùn wà tó lè mú kó pẹ́ sí i lórí ìrìn. Ẹnikẹ́ni ò gbá a lẹ́sẹ̀.

## Bí wọ́n bá ti ní wárápá ni

Oògùn rẹ̀ (phenobarbital, carbamazepine, sodium valproate tàbí òmíràn) ojoojúmọ́ ni, ní àkókò kan náà. Ẹ má dá a dúró lójijì nítorí pé oṣù mẹ́fà ti kọjá láìsí gìrì. Ìdádúró òjijì lè mú èyí tí kò ní dáwọ́ wá. Nígbà tí ọdún méjì bá kọjá láìsí rárá ni dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, díẹ̀díẹ̀. Bí èélá bá sú sí i lára lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà.

Nínú ilé: kó má dá nìkan wà nídìí iná, létí kànga tàbí lódò; kó má ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tó bá ń wẹ̀.

Wárápá kì í ràn. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Kó máa jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, kó sì máa lọ sílé ìwé.

Fún olùkọ́ rẹ̀, ẹ da ìwé yìí kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé rẹ̀:

*Gìrì lè mú mi. Ẹ wo aago.*
*Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀. Ẹ kó àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.*
*Ẹ má fi nǹkan kan sí mi lẹ́nu. Ẹ má dì mí mú.*
*Ẹ ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi sún sẹ́yìn, kí ẹnì kan dúró tì mí.*
*Bó bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ẹ sì pe màmá mi: ____________*